Ọyẹ́ àti Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé ní Òkè-Onígbìn

Ọyẹ́ ni òtútù tí adìyẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ̀. Òjò dídì kì í rọ̀ ní Òkè-Onígbìn, ìlú kan níbẹ̀, omi kì í sì í dì sínú abọ́ tí adìyẹ fi ń mumi, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá títí oṣù Kejì yóò fi máa lọ sópin, atẹ́gùn gbígbẹ kan máa ń fẹ́ wá láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, yóò sì bo gbogbo agbègbè Ìsin, Irẹ́pọ̀dùn àti Ìfẹ́lódùn. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn náà ń gbà kọjá kó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ ló wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kòtò kan tó gbẹ táútáú, níbi tí adágún omi ńlá wà láyé àtijọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bo ojú ọ̀run, ètè á bẹ́, ewé á gbẹ lórí igi. Ní ìdájí, ooru ojú ọjọ́ lè lọ sílẹ̀ dé 18°C tàbí kó tilẹ̀ tó 15°C. Tó bá di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó lè ju 32°C lọ. Adìyẹ tó gbọ̀n lówùúrọ̀ náà ni yóò la ẹnu sílẹ̀ lọ́sàn-án, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òru àti ọ̀sán yìí ń da adìyẹ láàmú ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ, nítorí adìyẹ tó ti dàgbà ní ohun tó fi ń ko òtútù lójú. Ara rẹ̀ gbóná ju ti ènìyàn lọ: ó tó nǹkan bí 41°C, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ 37°C. Ìyẹ́ ni aṣọ rẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á wú ìyẹ́ sókè, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ àti awọ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì ní jẹ́ kí ooru ara sá jáde. Á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò níyẹ̀ẹ́ sábẹ́ ikùn, á ti orí bọ abẹ́ apá, á sì fara ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ìyẹ́ bá gbẹ, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ lù ú. Bí atẹ́gùn bá ń ya ìyẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì, tàbí tí adìyẹ bá sùn sórí ilẹ̀ tó rin, ààbò bàjẹ́ nìyẹn. Oúnjẹ tó yẹ kó fi yé ẹyin tàbí kó fi sanra, ìmóoru ni yóò fi ṣe.

Òròmọdìyẹ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó nígbà tó bá jáde nínú ẹyin, ara rẹ̀ kò sì tíì lè pèsè ooru tó máa tó o fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ooru tó ń fẹ́ lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní wà láàárín 32°C sí 35°C. Lẹ́yìn náà, a lè máa dín nǹkan bí 3°C kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ìyẹ́ gidi yóò fi hù ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí 21°C yóò fi tó o. Bí a bá fi èyí wé ìdájí ọyẹ́, ó hàn gbangba pé ibi tí òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan lè gbé àti ibi tí a bí i sí jìnnà síra wọn púpọ̀. Àkùkọ tó ń kọ lórí òrùlé kọ́ ni ọyẹ́ ń pa, àwọn tó jáde nínú ẹyin lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.

Àgbébọ̀ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Abẹ́ apá rẹ̀ ni ilé ooru àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó tíì ṣe é dáradára jù ú lọ fún ọmọ mẹ́wàá tàbí méjìlá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kùtùkùtù ni adìyẹ ń jí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìyá á ti máa kó ọmọ rẹ̀ jáde lọ tan ilẹ̀, ní wákàtí tí òtútù mú jù lọ. Ìyá ń rìn, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè yá á dúró sẹ́yìn, á máa ké tín-ín-tín, kó tó di ọ̀sán ó ti kú. Àgò ni oògùn èyí, ohun tí àwọn àgbà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Kí a da àgò bo ìyá àtọmọ lálẹ́, kí a da àpò tàbí aṣọ gbígbẹ lé e lórí, kí a sì fi ẹsẹ̀ àgò sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. A kò ní ṣí i àfi ìgbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, tí ilẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Oúnjẹ àti omi á ti wà nínú àgò kí ebi má baà pa wọ́n dúró. Àgò kan náà ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwòdì, nítorí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń pọ̀ ní apá ilẹ̀ wa, tí wọ́n á máa rà bàbà lókè ibi tí wọ́n ti ń sun igbó.

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, adìyẹ ìbílẹ̀ kì í ní ilé tirẹ̀. Ó lè sùn ní ilé ìdáná, ní abẹ́ àká, ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lórí ẹ̀ka igi máńgòrò. Ilé ìdáná móoru, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín igi tó pàdé eruku ọyẹ́ lọ́nà ọ̀fun adìyẹ kì í ṣe ohun tó dára. Orí igi sì ni atẹ́gùn ti ń rí adìyẹ mú jù. Ilé kékeré kan lẹ́yìnkùlé, bí kò tilẹ̀ ju ti adìyẹ mẹ́wàá lọ, sàn ju gbogbo wọn lọ. Kò gba owó ńlá: ògiri amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù tó ga dé orúnkún tàbí ìtan, nẹ́ẹ̀tì wáyà lókè ògiri náà, páànù tàbí koríko lórí, ilẹ̀kùn kan tó ṣeé tì. Ibi tí ilé náà kọ ẹ̀yìn sí ló ṣe pàtàkì. Níwọ̀n bí ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, ìhà yẹn ni ògiri tí kò ní ihò ní láti wà, kí ẹnu ọ̀nà sì kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ láìro èyí kò ní kí wọ́n wó o. Àpò ìrẹsì tí a rán pọ̀, ẹní tó ti gbó, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí tàpólì tí a so mọ́ ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣejù nìyí. Nígbà tí òtútù bá mú, ọkàn olùtọ́jú máa ń sọ pé kí òun dí gbogbo ihò pátápátá. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, èémí adìyẹ kò rí ibi jáde, ọ̀rinrin á gbára jọ, ìgbẹ́ wọn á sì máa tú gáàsì ammonia jáde, èyí tí òórùn rẹ̀ ń ta sánmú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Gáàsì yẹn ń bó inú ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ, ó ń sọ ojú wọn di pupa, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ara adìyẹ ni a ń dí, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Nítorí náà, aṣọ tàbí àpò tí a ta kò gbọdọ̀ kan òrùlé. Kí ó ku bí ìbú ọwọ́ kan tàbí méjì lókè, níbi tó ga ju orí adìyẹ tó ń sùn lọ, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó rin lè gba ibẹ̀ jáde. Ọ̀nà tó rọrùn láti yẹ ilé náà wò ni kí a wọ ibẹ̀ ní ìdájí, kí a lóṣòó títí orí yóò fi wà ní ìpele orí adìyẹ. Bí ojú bá ń ta, a ti dí i jù. Bí atẹ́gùn bá ń kan ọrùn ẹni, a kò tíì dí i tó. Tó bá di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí a ká àpò náà sókè, torí pé ooru ọ̀sán yóò dé, àwọn adìyẹ tó sì wà nínú ilé dídí lọ́sàn-án ọyẹ́ ń jìyà gidi.

Ilẹ̀ ilé náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì ní àtẹ́lẹ̀. Ìyẹ̀ pákó láti ọ̀dọ̀ àwọn alágẹdú tàbí èèpo ìrẹsì dára. Kó nípọn tó bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀. Èèpo ẹ̀pà náà ṣeé lò bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó máa ń tètè bu, ewu inú ẹ̀bu náà sì pọ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró òròmọdìyẹ. Lákòókò ọyẹ́, àtẹ́lẹ̀ lè gbẹ jù débi pé eruku á máa sọ bí adìyẹ bá ti tan ilẹ̀. A kì í gbá irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí adìyẹ wà nínú rẹ̀; kí a lé wọn jáde, kí a wọ́n omi díẹ̀díẹ̀, kí a tó yí àtẹ́lẹ̀ náà padà. Igi tí wọ́n ń bà sùn kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Pátákó tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, tí a gé igun rẹ̀, ń jẹ́ kí adìyẹ lè jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ìyẹ́ ikùn sì bo gbogbo ìka ẹsẹ̀.

Ẹni tó ra òròmọdìyẹ láìra ìyá wọn ti gba iṣẹ́ ìyá. Kí ó tó di pé wọ́n kó wọn dé, ooru ti gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí wọ́n máa gbé fún wákàtí mélòó kan, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè móoru, nítorí láti ẹsẹ̀ àti ikùn ni òtútù ti ń wọ òròmọdìyẹ. Páálí ńlá tàbí àyíká tí a fi páànù tàbí ẹní ká bìrìkìtì ló dára jù. Igun ilé léwu: bí òtútù bá mú wọn, wọn á sá wọ igun, wọn á gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú nítorí àìrí èémí, kì í ṣe nítorí òtútù. Tẹmómítà dára bí ó bá wà. Bí kò bá sí, àwọn òròmọdìyẹ fúnra wọn á sọ. Bí wọ́n bá wọ́ jọ sídìí iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu, tí apá wọn sọ̀ kalẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí àwọn kan ń jẹun, tí àwọn kan sùn, tí ohùn wọn sì rọlẹ̀, kí olùtọ́jú lọ sùn.

Gílóòbù iná mànàmáná ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n iná kì í dúró, òru tí a bá gbẹ́kẹ̀ lé e jù náà ló lè jẹ́ òru tí yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí èédú fi gbajúmọ̀. Ìkòkò amọ̀ tí a dá ihò sí lára, tí a kó èédú tó ti jó sínú rẹ̀, lè mú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èédú náà gbọ́dọ̀ ti jó níta títí yóò fi pọ́n, tí kò ní rú èéfín mọ́, kí a tó gbé e wọlé. Èyí nìkan kò sì tó láti mú ewu rẹ̀ kúrò. Èédú tó ń jó, bí kò tilẹ̀ rú èéfín rárá, ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń gba ipò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń pa òròmọdìyẹ, ó sì ń pa ènìyàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìkòkò èédú àti òròmọdìyẹ, bó ti wù kí òtútù mú tó, kò sì yẹ kí yàrá tí wọ́n wà wà láìní ojú afẹ́fẹ́. Iná náà tún jẹ́ ewu mìíràn. Gbogbo nǹkan ló ti gbẹ lákòókò ọyẹ́: ìyẹ̀ pákó, koríko òrùlé, igbó ẹ̀yìnkùlé. Àtùpà kan tí adìyẹ gbá ṣubú lè sun agboolé. Kí a fi wáyà gbé àtùpà kọ́, kì í ṣe okùn. Kí a gbé ìkòkò èédú sórí búlọ́ọ̀kù, kí a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà yí i ká, kí a sì ní korobá yanrìn tàbí omi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ní òròmọdìyẹ díẹ̀ lè yẹra fún iná pátápátá: ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná tí a fi aṣọ nípọn wé, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀ lóru, tó fún bíi mẹ́wàá nínú páálí kékeré.

Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tó dára jù fún ẹni tí kò lè jí lóru: kí ó má ra ọlọ́jọ́ kan rárá láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Àwọn tó ń tọ́ òròmọdìyẹ dàgbà fún títà máa ń ta èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ti hù, tó sì ti gba àjẹsára àkọ́kọ́. Ó wọ́n ju ọlọ́jọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n òkú òròmọdìyẹ kò ní iye tí ẹnikẹ́ni ń rà á.

Ọ̀rọ̀ ẹyin tí adìyẹ ń sàba lé lórí kò yọ sílẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin fi ń pa, ní nǹkan bí 37.5°C, omi inú rẹ̀ sì máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ láti ara ihò tíntìntín tó wà lára èèpo. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ púpọ̀, ó sì ń fa omi náà jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ á dàgbà tán nínú ẹyin, ṣùgbọ́n awọ inú á gbẹ mọ́ ọn lára, kò ní lè yí ara rẹ̀ láti já èèpo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babafunso Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí adìyẹ ìgbèríko, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ adìyẹ ìgbèríko ilẹ̀ Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989 pẹ̀lú akitiyan rẹ̀, kọ ìwé kan pẹ̀lú S.E.J. Swan tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ̀ jáde ní 2004. Ìmọ̀ràn inú rẹ̀ fún ilẹ̀ tó gbẹ ni pé kí a fi iyẹ̀pẹ̀ tó rin díẹ̀ sí abẹ́ koríko ìtẹ́ tí adìyẹ ń sàba sí. Ìyá á móoru lókè, ọ̀rinrin á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó rin ni a wí, kì í ṣe ẹrẹ̀.

Oúnjẹ ni igi ìdáná tí adìyẹ ń jó nínú ara rẹ̀, nítorí náà ó ń jẹun sí i bí òtútù bá mú. Kété lẹ́yìn ìkórè, ọkà tó dà sílẹ̀ ní àyíká àká àti ibi ìpakà ṣì ń tó adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri. Tó bá fi máa di oṣù Kejì, ilẹ̀ ti le, kòkòrò ti wọlẹ̀, ewé tútù ti tán, adìyẹ á kàn máa tan eruku lásán ni. Àkókò yẹn ló nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà tàbí àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó lọ sùn, wúlò ju ti àárọ̀ lọ: àpò oúnjẹ ọrùn wọn á kún mọ́jú, lílọ̀ tí iwe ń lọ ọkà náà àti dídà rẹ̀ nínú ara ń mú ooru jáde jálẹ̀ òru. Èérí ọkà àti ikán tí a hú lè kún un. Ewé tútù láti ẹ̀gbẹ́ kànga, bíi tẹ̀tẹ̀, ń fún wọn ní fítámì A tó ń ṣọ́ awọ inú ọ̀fun àti imú, ibi tí eruku ọyẹ́ ń bá jà.

Omi máa ń di ohun ìgbàgbé lákòókò òtútù, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gba omi lára adìyẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá mí. Adìyẹ ń mu tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ tó ń jẹ, ẹyin sì jẹ́ omi ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí omi tó sùn síta bá tutù nini ní òwúrọ̀, wọ́n á kàn fẹnu bà á ni, ẹyin á sì dínkù. Omi kànga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìdájí ju èyí tó wà nínú agbada mọ́jú lọ. Òun ni kí a fún wọn. Kí a da omi àná nù, kí a fọ ẹrẹ̀ tí eruku ti di sí ìsàlẹ̀ abọ́, kí a sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Gbogbo èyí lè wà ní ipò rẹ̀, kí adìyẹ ilé náà sì kú tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lùkúlùkú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní Newcastle, nítorí ìlú Newcastle-upon-Tyne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1926, ní àkókò kan náà pẹ̀lú erékùṣù Java. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Láti ìgbà náà, kò sí àrùn mìíràn tó tíì pa adìyẹ ìgbèríko tó o. Kò sí ìgbà tí kì í jà, ṣùgbọ́n àkókò ọyẹ́ ló ń ràn bí iná inú koríko. Òtútù máa ń dín agbára ara kù, eruku á ti ha ọ̀nà ọ̀fun, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn náà sì ń pẹ́ láyé ju ti ìgbà ooru lọ níbi tó tutù tí oòrùn kò dé. Ọjà Kérésìmesì àti ọdún tuntun á wá parí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá, adìyẹ láti ìlú oríṣiríṣi á pàdé nínú agbọ̀n kan náà, ní Òmù-Àrán àti àwọn ọjà abúlé; èyí tí wọn kò tà á padà sílé, tòun ti ohun tó kó lọ́jà.

Adìyẹ tí lùkúlùkú mú á ya ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, á máa mí pẹ̀lú ìnira, apá á sọ̀, ọrùn á lọ́ sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa yípo lójú kan. Àwọn mìíràn kì í ṣàìsàn rárá. Òkú wọn ni a ń bá láàárọ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ata, àlùbọ́sà àti ewúro tí àwọn ènìyàn ń fi sí omi wọn kì í pa fáírọ́ọ̀sì náà, oògùn oyìnbó oníkápúsù pupa-òun-ofeefee tí wọ́n ń tà lọ́jà kò sì lè pa á. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà lára adìyẹ kí àrùn tó dé.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ló ń ṣe àjẹsára yìí ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ń kán sójú òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan wà, Lasota tí wọ́n ń fi sí omi mímu wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Komarov tó jẹ́ abẹ́rẹ́ sì wà fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ohun tó ti ń dí ọ̀nà fún abúlé ni pé ooru máa ń ba àjẹsára jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù yìnyín láti ilé-iṣẹ́ títí dé ẹnu adìyẹ. Ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Australia ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí wọ́n dìídì ṣe fún adìyẹ ìgbèríko. Ẹ̀kán kan lójú kan ti tó, fún àgbà àti ọmọ bákan náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ó tún un ṣe. Nítorí pé ara nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti gbé ààbò dìde, ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni ó yẹ kí adìyẹ Òkè-Onígbìn ti gbà á. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí adìyẹ aládùúgbò ti ń kú, ó ti pẹ́. Ó sì sàn kí agboolé mẹ́wàá parapọ̀ ra ìgò kan lọ́jọ́ kan ju kí ẹnì kan dá a ṣe, torí ìgò kan máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìyẹ, adìyẹ tí kò gbà á ní ilé kejì kò sì ní mọ ààlà. Kí wọ́n ṣe é ní ìdájí, kí wọ́n tó tú adìyẹ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ètò ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Adìyẹ tuntun, bóyá wọ́n rà á tàbí wọ́n fi ta ẹni lọ́rẹ, kí ó dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Òkú adìyẹ, kí a sun ún tàbí kí a sin ín jìn. Bí àrùn bá ti wọlé, ìdẹwò tó máa ń dé ni kí a sáré kó àwọn tó kù lọ tà kí wọ́n tó kú. Ohun tí ìṣe yẹn ń ṣe ni pé ó ń gbé ikú náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, ẹni tó jẹ́ pé adìyẹ márùn-ún yẹn lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a fojú kéré ikú òjijì. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ní Jájì ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó kéde àrùn H5N1, tí àwọn ènìyàn ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlùú. Nígbà tó tún padà wá, Èkó àti Kánò ló ti kọ́kọ́ hàn ní oṣù Kìn-ín-ní 2015. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, Kánò ni. Inú ọyẹ́ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ó jọ lùkúlùkú débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n èyí lè ran ènìyàn. Ó pa obìnrin kan ní Èkó ní 2007. Bí ọ̀pọ̀ adìyẹ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tu wọ́n jẹ, kí ọmọdé má fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n sì sọ fún oníṣègùn ẹranko ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an.

Irú adìyẹ tí ènìyàn ń sìn náà ní ipa tirẹ̀. Abólọ́rùn tí ọrùn rẹ̀ pa ìhòòhò, aṣá tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, àti òpìpì tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan, gbogbo wọn mọ ooru í gbà. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kì í dà wọ́n láàmú bíi ti àwọn yòókù. Ohun kan náà tó ń gbà wọ́n lọ́sàn-án ni ọyẹ́ ń gbà wọlé sí wọn lára ní ìdájí, nítorí náà àárín àwọn ẹgbẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n má ṣe wà létí ògiri. FUNAAB Alpha, tí Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀, àti Noiler tí wọ́n ń pa ní Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, lè jẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ooru tí wọ́n ń fẹ́ kò yàtọ̀.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó ń gbé ní Chicago tàbí ní Kánádà, tí wọ́n sì ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé, mọ òtútù tó yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, ogbe orí àkùkọ lè dì kó sì kú, kí ó dúdú kó sì já bọ́. Nítorí rẹ̀ ni mọ́ńkì kan, Brother Wilfrid, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1908 ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Oka, ní Quebec, láti da àwọn irú adìyẹ pọ̀ títí ó fi rí Chantecler, adìyẹ tí ogbe rẹ̀ kéré bíi tìmùtìmù tí yìnyín kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń sin adìyẹ nínú yìnyín máa ń fún ara wọn kò jìnnà sí ti Òkè-Onígbìn: ilé tó gbẹ, ihò afẹ́fẹ́ lókè, kí atẹ́gùn má kan adìyẹ, kí a sì ṣọ́ra fún iná, nítorí gílóòbù ooru ti sun ọ̀pọ̀ ilé adìyẹ lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 2024, ẹni tó bá ní adìyẹ kan péré gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n lè tètè rí i bí bọ́ọ̀dù fúlùú bá jà.

Bí oṣù Kejì bá ti ń lọ, tí òru kò tutù mọ́, a kì í já gbogbo àpò ara ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a ṣí ìhà ìlà-oòrùn ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ti àríwá tẹ̀ lé e. Kí a kó àtẹ́lẹ̀ ọyẹ́ jáde kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, nítorí ọ̀rinrin òjò ń jí àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ dìde. Inú oko iṣu tàbí àgbàdo ni ibi tó yẹ ẹ. Ilẹ̀ ilé náà á gba oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, a ó fi eérú tàbí ẹfun sí i, àtẹ́lẹ̀ tuntun á wọlé, àwọn adìyẹ tó gba àjẹsára ní oṣù Kọkànlá á sì tún gba òmíràn.